Àfidípò Ta Ni? Àríyànjiyàn lórí Orúkọ Oúnjẹ Aláìní-wàrà

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ń gbilẹ̀ nínú ìwé ìkọ́ni, nínú ìwé ìlera àti lẹ́nu àwọn tí ń túmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ni "àfidípò". Bí ẹnì kan kò bá lè mu mílíìkì nítorí pé inú rẹ̀ kò gbà á, tàbí tí ó bá ti pinnu pé òun kò ní fi ohun tí ó ti ara ẹran wá kan ẹnu mọ́, ohun tí a ó kọ sílẹ̀ fún un ni "àfidípò mílíìkì", "àfidípò bọ́tà" àti "àfidípò wàrà". Abẹ́ àkọlé yìí ni a ti ń to kúnú òfio, oje àgbọn, òrí àti wàrà sóyà jọ bí ìgbà tí a bá to àlejò tí a kò pè sí ẹ̀yìn ilé.

Àkọlé yìí ni àpilẹ̀kọ mi tako. Kò tako oúnjẹ náà, kò sì tako ẹni tí ń jẹ ẹ́. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi hàn. Èkínní, orúkọ náà kò bá ìtàn mu. Èkejì, kò bá ara àwọn tí a ń kọ ọ́ fún mu. Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ ọmọ iléèwé pé ojúlówó oúnjẹ ń bẹ ní òkè òkun, àti pé ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń ṣe ní ìsọ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń dúró de ojúlówó. Lẹ́yìn èyí, n ó sọ ohun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè ṣe. Bí a ti ń kó àpilẹ̀kọ láti oríṣiríṣi èdè Áfíríkà jọ sínú ìwé yìí, ẹ̀rí tí n ó lò kò ní mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan, nítorí àrùn tí ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Ohun tí ó fara pamọ́ sínú ìhun ọ̀rọ̀ náà

"Àfidípò" kò ṣòro láti tú palẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi mọ́ àpólà-ìṣe "fi dí ipò" láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí a tó lè lò ó, a ti gbà láìsọ ọ́ jáde pé ipò kan wà, pé ipò náà ní ẹni tí ó ni ín, àti pé ẹni náà kò sí nílé. Ẹni tí ó bá sọ pé oje àgbọn jẹ́ àfidípò mílíìkì ti sọ gbólóhùn mẹ́ta mìíràn mọ́ ọn: mílíìkì ni ó ni ife náà, mílíìkì ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, bí mílíìkì bá sì dé, kí àgbọn dìde fún un. Ó ti sọ àgbọn di adelé. Adelé, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lórí àga, a kì í kì í ní oríkì ọba.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ibi tí ó ti wúlò. Bí ìyá kan bá ń ṣe ṣinṣín, tí ó yọ mílíìkì kúrò nínú ohun èlò, tí ó da oje àgbọn sí i, ó fi àgbọn dí ipò mílíìkì lóòótọ́. Nínú ìkòkò kan, ní ọjọ́ kan, fún oúnjẹ kan, ọ̀rọ̀-ìṣe náà péye. Ibi tí àṣìlò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí a bá sọ ìṣe inú ìkòkò kan di orúkọ ìsọ̀rí, tí gbogbo ohun tí kò ní wàrà nínú wá ń jẹ́ àfidípò, ìbáà jẹ́ èyí tí wàrà kò fìgbà kan wọ inú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa èèwọ̀. Àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Òrí ni a ń lò sí oúnjẹ òrìṣà náà, kì í ṣe epo pupa, a kì í sì í fi iyọ̀ sí i. Ta ni ó ti gbọ́ kí a pe òrí ní "àfidípò epo" ní ojúbọ? Oúnjẹ Ọbàtálá ni oúnjẹ Ọbàtálá, ó pé, kò kù síbì kan. Ẹni tí ó ní èèwọ̀ yóò sọ pé "n kì í jẹ ẹ́", onílé yóò sì gbé ohun tí ó ń jẹ wá fún un. Èdè wa ti ní ọ̀nà láti fi ya ẹni tí kì í jẹ nǹkan sọ́tọ̀ láìsọ oúnjẹ rẹ̀ di ọmọ-ọ̀dọ̀ oúnjẹ ẹlòmíràn. Èdè tí ó ní irú ọ̀nà yìí kò yẹ kí ó máa tọrọ èrò àfidípò lọ́wọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ta ni ó kọ́kọ́ jókòó?

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ipò, ìbéèrè tí ó kàn ni pé ta ni ó kọ́kọ́ jókòó. Ọdún 1856 ni Gail Borden gba ìwé-àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà tí ó ń gbà sọ mílíìkì di kíki kí ó má baà tètè bàjẹ́. Láti ara irú iṣẹ́ yìí ni mílíìkì inú agolo, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń mu ògì àti tíì, ti jáde. Òfin tí Brazil ṣe láti fòpin sí kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1850, ọdún mẹ́fà ṣáájú ìwé-àṣẹ Borden. Àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa ni wọ́n mú àkàrà dé Bahia, níbi tí a ti ń pè é ní acarajé títí di òní, tí ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ" ṣì lẹ̀ mọ́ orúkọ náà nídìí. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil fi iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Lóòótọ́, wọ́n ń la àkàrà náà láàárín, wọ́n ń fi edé sí i. Ṣùgbọ́n àkàrà fúnra rẹ̀, ẹ̀wà, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti epo pupa ni. Kò sí wàrà níbẹ̀, kò sí ẹyin níbẹ̀. Ìpápánu tí ó ti sọdá òkun kí mílíìkì inú agolo tó wáyé, báwo ni ó ṣe wá di ohun tí a fi dí ipò nǹkan?

Òfio tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Íjíbítì, wọ́n ya àwòrán bí a ṣe ń fi òfio ṣe àkàrà dídùn sára ògiri ibojì Rekhmire, ìjòyè kan tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìbí Jésù. Ní agbègbè Valencia ní Spéìnì, pàápàá ní ìlú Alboraya, òfio ni wọ́n fi ń ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní horchata. Orúkọ yìí wá láti ara ọ̀rọ̀ Látìn fún ọkà báálì, nítorí ohun mímu ọkà báálì ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Àwọn ará Valencia kò pe òfio wọn ní àfidípò báálì, wọn kò sì pè é ní àfidípò mílíìkì. Wọ́n gba òfin láti dáàbò bo orúkọ òfio agbègbè wọn, wọ́n sọ ọ́ di ọlà, wọ́n sì ń ra òfio mọ́ tiwọn láti Burkina Faso, Mali àti Niger. Àwa tí a ń gbìn ín ní tòsí ni a ń wá orúkọ ẹ̀yìn fún un.

Ní ti òrí, Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Bambara ní ọdún 1796. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1799, ó jẹ́rìí pé ó dùn lẹ́nu òun ju bọ́tà tí a fi wàrà màlúù ṣe, tí òun tí ì jẹ rí, lọ. Nítorí pé bọ́tà ni ó mọ̀, bọ́tà ni ó pè é, èyí kò sì burú fún àlejò. Ohun tí ó burú ni kí onílé gba orúkọ tí àlejò fi ń wá ọ̀nà, kí ó sì ju tirẹ̀ nù. Òrí ni òrí ń jẹ́.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ṣokoléètì. Côte d'Ivoire àti Gánà ni nǹkan bí ìdajì kòkó àgbáyé ti ń wá. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn ará Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà fi ń mu kòkó láìsí wàrà kankan nínú rẹ̀. Ọdún 1875 ni a sábà máa ń dárúkọ pé Daniel Peter, ará Switzerland, rí ọ̀nà láti po mílíìkì mọ́ ṣokoléètì. Síbẹ̀, lónìí, ṣokoléètì tí kò ní mílíìkì nínú ni a ń pè ní àrà ọ̀tọ̀, tí èyí tí a fi mílíìkì lù ń jẹ́ ojúlówó. Ẹni tí ó bá wo ìtàn dáadáa yóò rí i pé mílíìkì ni àlejò nínú ṣokoléètì. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a wò nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa, kì í tilẹ̀ ṣe ti kòkó.

Ara ta ni a fi ṣe òṣùwọ̀n?

Àwọn kan yóò ní ìtàn kò tó nǹkan, pé ohun tí ara ń fẹ́ lónìí ni ó ṣe kókó. Mo gbà, nítorí ẹ̀rí ti ara tún le ju ti ìtàn lọ. Ní ọdún 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wọn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, lórí bí inú àwọn ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà ṣe ń gba ṣúgà inú wàrà, èyí tí a ń pè ní lactose. Ohun tí wọ́n rí ni pé ṣúgà yìí kì í dà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Fúlàní darandaran. Ransome-Kuti yìí náà ni ó di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti ọdún 1985 sí 1992.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ èdè? Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí inú rẹ̀ ń kùn bí ó bá mu ife mílíìkì kan kì í ṣe aláìsàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni ó pọ̀ jù. Bí a bá ka gbogbo ènìyàn ayé pọ̀, àwọn àgbà tí ṣúgà inú wàrà kì í dà nínú wọn ni wọ́n pọ̀ ju àwọn tí ó ń dà nínú wọn lọ. Nígbà tí ìwé ìkọ́ni bá wá kọ ọ́ pé "àwọn kan wà tí wọn kò lè mu mílíìkì, àfidípò wà fún wọn", ó ti sọ ọ̀pọ̀ di "àwọn kan". Ó fi ara ará Àríwá Yúróòpù ṣe òṣùwọ̀n, ó sì fi ìyókù sí abala àwọn tí a ń ṣàánú.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé mìíràn. N kò bá wàrà Fúlàní jà. Nọ́nọ̀ kíkan àti wàrà tí a fi oje ewé bọmubọmu dì kò rí bíi mílíìkì tútù, nítorí pé kíkan àti sísẹ́ omi rẹ̀ ń dín ṣúgà náà kù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ń jẹ wàrà tí inú kò fi ń run wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ èròjà amúaradàgbà inú wàrà ńkọ́? Ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ wàrà rárá, ẹni tí ó sì ti fi gbogbo ohun ti ẹran sílẹ̀ kò ní jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ mẹ́ta nìyí: ẹni tí ṣúgà wàrà kì í dà nínú rẹ̀, ẹni tí wàrà jẹ́ májèlé fún, àti ẹni tí ó yàn láti má ṣe jẹ ẹ́. "Àfidípò" da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan náà, kò sì ran ìkankan nínú wọn lọ́wọ́.

Ẹjọ́ orúkọ ní Yúróòpù, epo ọ̀pẹ nínú páálí wa

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni mo ń jà lé lórí. Àwọn tí ń ta mílíìkì kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ TofuTown ti Jámánì pé a kò gbọdọ̀ fi orúkọ mílíìkì, bọ́tà, wàràkàṣì tàbí yógọ́ọ̀tì ta ohun tí a fi kìkì irúgbìn ṣe, bí a tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àlàyé mọ́ ọn. Àwọn orúkọ díẹ̀ tí ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, irú bíi ti àgbọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn: ní oṣù kejì ọdún 2023, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ gbé ìmọ̀ràn kan jáde tí ó fara mọ́ ọn kí irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ mílíìkì, bí a bá sọ irúgbìn tí a fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé ìdáná èdè Gẹ̀ẹ́sì ti òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá ni a ti ń rí mílíìkì álímọ́ńdì, tí àwọn onígbàgbọ́ ń lò ní àkókò ààwẹ̀. Orúkọ yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Owó ni ó mú kí ó di ẹjọ́.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọjà wa. Ọ̀pọ̀ nínú ìyẹ̀fun tí a ń kó láti Yúróòpù wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a ti fa ọ̀rá wàrà inú rẹ̀ yọ, tí a sì ti fi ọ̀rá irúgbìn, pàápàá epo ọ̀pẹ, sí i kí ó lè pọ́ọ́kú. Ọ̀rá tí a fà yọ ni wọ́n ń fi ṣe bọ́tà tí ó lówó lórí. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ara páálí ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n mílíìkì ni ọjà ń pè é, mílíìkì ni ìyá ń rà fún ọmọ. Àwọn darandaran àti alágbàtà wàrà ní Burkina Faso, Mali, Niger àti Senegal wà lára àwọn tí wọ́n gbé ìpolongo dìde ní ọdún 2018 lábẹ́ àkọlé Faransé "Mon lait est local", pé wàrà ìbílẹ̀ ni kí a máa mu, nítorí pé ìyẹ̀fun pọ́ọ́kú yìí ń lé igbá wàrà wọn kúrò lọ́jà.

Ìbéèrè mi rèé. Epo ọ̀pẹ tí ó wà nínú páálí náà dí ipò ọ̀rá wàrà, ó dí i gan-an bí gírámà ti fẹ́. Ta ni ń pè é ní àfidípò? Kò sí. Ṣùgbọ́n òfio tí kò gba ipò ẹnikẹ́ni, òun ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ yìí kò tẹ̀lé ohun tí ó wà nínú ife. Agbára ẹni tí ń tà á ni ó ń tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní èdè láìkọ́ ọ láti rí èyí ti kọ́ ọ ní ìdajì.

Ohun tí ó wà nílẹ̀

Àwọn tí ń wá ìpápánu aláìní-wàrà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtajà ńlá, níbi tí páálí mílíìkì álímọ́ńdì láti òkè òkun ti ń gba owó tí ó lè ra òfio àti àgbọn tí yóò tó gbogbo ilé mu. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ jẹ́ kí a kà díẹ̀ nínú rẹ̀.

Òfio tí a rẹ sínú omi mọ́jú, tí a fọ̀ mọ́, tí a lọ̀ pẹ̀lú àgbọn àti dàbínù, tí a sì sẹ́, di ohun mímu tí ó funfun, tí ó sì dùn láìsí ṣúgà. Àwọn Haúsá ń pè é ní kunun aya. Ní Gánà, níbi tí òfio ti ń jẹ́ atadwe, wọ́n ń se oje rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì títí tí yóò fi dì bí ẹ̀kọ dídùn. Ohun kan ni kí a ṣọ́ra fún: kì í pẹ́ bàjẹ́, ọjọ́ tí a ṣe é ni ó yẹ kí a mu ún. Ti àdídùn ńkọ́? Bàbá dúdú tí a ń jẹ léwe, oje àgbọn àti ṣúgà ni a sè pọ̀ títí tí ó fi dúdú tí ó sì le. Tọ́fì ni, láìní wàrà kankan. Síṣí pẹlẹbẹ jẹ́ ẹ̀pà àti ṣúgà. Gúrúndì jẹ́ àgbọn, gàrí tàbí ìyẹ̀fun, àti ṣúgà. Àádùn, tí a ń lò níbi ìsọmọlórúkọ, jẹ́ àgbàdo yíyan tí a lọ̀ tí a fi epo pò. Ròbó jẹ́ ẹ̀gúsí, kúlíkúlí jẹ́ ẹ̀pà. Dọ̀dọ̀, ìpékeré, ọ̀jọ̀jọ̀ àti mọ́sà kò béèrè wàrà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Sóyà ni ẹ̀rí tí ó dára jù fún bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Àlejò ni; ní ọdún 1908 ni a kọ́kọ́ gbìn ín ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ó wọ ilé ìdáná tí àwọn obìnrin fi mọ̀ pé bí a bá se oje rẹ̀, tí a da omídùn ògì tàbí álọ́ọ̀mù sí i, yóò dì bíi ti Fúlàní. Wọ́n gé e, wọ́n dín in, wọ́n bu ata sí i, wọ́n sì pè é ní wàrà sóyà. Àwọn Haúsá ń pè é ní awara. Wọn kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́. Wọ́n wo bí ó ti ń dì, wọ́n fi orúkọ ohun tí ń dì bẹ́ẹ̀ pè é. Sísọ orúkọ nípa ìjọra nìyí, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí sísọ orúkọ nípa àìtó. "Wàrà sóyà" sọ ohun tí nǹkan jẹ́. "Àfidípò wàrà" sọ ohun tí kò jẹ́.

Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ oúnjẹ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní bí a kò bá pè é ní àfidípò, àwọn ènìyàn lè rò pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín oje àgbọn àti wàrà ní ti èròjà. Òdìkejì ni òtítọ́. Àfidípò gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ó ń ṣèlérí pé ohun tí a fi dí ipò yóò ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ni ipò. Sóyà nìkan ni èròjà amúaradàgbà rẹ̀ súnmọ́ ti wàrà màlúù nínú àwọn tí mo dárúkọ. Ti oje àgbọn kéré púpọ̀. Fítámì B12 kò sí nínú irúgbìn, ẹni tí ó bá fi gbogbo ohun ti ẹran sílẹ̀ ní láti wá a ní ibòmíràn. Kò sì sí ìkankan nínú wọn, àti mílíìkì màlúù pàápàá, tí a lè fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan bí ẹni pé omi ọyàn ìyá ni. Bí a bá pe nǹkan ní orúkọ ara rẹ̀, a ó bi í ní ohun tí ó ní. Bí a bá pè é ní àfidípò, a ó kàn gbà pé ó ti tó.

Àtakò kejì ni pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn má jẹ ohun ti ẹran rárá. Lóòótọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gé orí àti ìdí ọ̀rọ̀ "vegetarian" láti fi ṣẹ̀dá "vegan". Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tiwọn. Ìjánu ẹnu kì í ṣe tiwọn nìkan. Àwọn Onígbàgbọ́ Ethiopia, fún àpẹẹrẹ, kì í fẹnu kan ẹran, ẹyin tàbí wàrà ní ọjọ́ ààwẹ̀ wọn, ọjọ́ wọ̀nyí sì pọ̀ lọ́dún. Àmọ́ n kò ní ṣe àṣejù sí òdìkejì. Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ìbílẹ̀ ni ó bá ti irú àwọn ènìyàn yìí mu. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ní ẹyin àti ẹja nínú, edé sì ń fara pamọ́ sínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni pé "ìbílẹ̀" àti "aláìní-ohun-ẹran" jẹ́ ọ̀kan náà ń parọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Àtakò kẹta ni pé a nílò ọ̀rọ̀ ìperí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí a wò ó dáadáa kí a tó yàn. "Ajẹ̀fọ́" kò tọ́. Ta ni nínú wa tí kì í jẹ ẹ̀fọ́? "Aláìjẹran" kù díẹ̀, nítorí pé ẹni tí kì í jẹ ẹran lè máa jẹ ẹyin kí ó sì máa mu wàrà. Ohun tí mo dábàá ni "aláìjẹ-tẹran", ẹni tí kì í jẹ ohun tí í ṣe ti ẹran. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo, t- tí ó ṣẹ́kù lára "ti", ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì ṣe é fi kọ́ni ní kíláàsì nípa ìpajẹ fáwẹ̀lì. Oyin nìkan ni yóò dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí pé kòkòrò ni Yorùbá ń pe agbóyin, wọn kì í pè é ní ẹran. Àlàyé díẹ̀ yóò tán an.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè ṣe

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Bí oúnjẹ kan bá ti ní orúkọ lọ́jà, kí a kọ orúkọ náà sínú ìwé bí alájàpá ti ń pè é. Kí a lo "oje" fún ohun tí a fún láti ara irúgbìn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àgbọn tí ń bẹ nínú èèpo àti oje àgbọn tí a rin tí a sì fún. Kí a fi "wàrà" sílẹ̀ fún ohun tí ọjà bá ti ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ti màlúù ìbáà ṣe ti sóyà, kí a má ṣe yá ẹjọ́ Yúróòpù wọ inú gírámà wa. Bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan kò ní wàrà nínú, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "kò ní wàrà nínú". Kí a fi "fi dí ipò" mọ sí inú ìkòkò tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nínú ìdánwò, dípò kí a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ àfidípò mílíìkì mẹ́ta, kí a ní kí ó dárúkọ ohun mímu mẹ́ta tí a ń ṣe ní agbègbè rẹ̀, kí ó sọ ohun tí a fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ mu ún àti ìdí rẹ̀. Ìbéèrè yìí yóò rán an padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń lọ òfio.

Àgbálọgbábọ̀

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni wọ́n ń wò. Ẹrù tí ó wọ́ nínú ọ̀ràn yìí ni èrò pé nǹkan kan sọnù ní àwo ẹni tí kì í jẹ wàrà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìtúmọ̀ tí a ṣe láìbi ara wa léèrè pé ta ni ó ni ipò. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe, a kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ alákàrà pé ìyá rẹ̀ ń ta ohun tí a fi dí ipò. Bí ọmọ náà bá mọ orúkọ àti ohun èlò, ó lè yan ohun tí yóò jẹ àti ohun tí kò ní jẹ láìtijú. Ìwé ìkọ́ni tí yóò jáde lẹ́yìn èyí, ọwọ́ wa ni ó wà.